Bí Adédàmọ́lá Ṣe Di Pẹ̀lú-Òní

Adédàmọ́lá Awóyẹmí kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, nítorí ohun tí n ó sọ tẹ̀lé e kò ní í dùn mọ́ ọn. Ó wà láàyè. Ó ń gbé ní Ìrẹmọ, ní Ifẹ̀, nínú agbo ilé bàbá rẹ̀, ó sì máa ń kí mi tí a bá pàdé. Tí ó bá ka èyí, kí ó bínú díẹ̀, kí ó sì lọ jẹun.

Pẹ̀lú-Òní ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń pè é bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí orúkọ náà ti wá. Mo mọ̀ ọ́n. Èmi ni mo wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà.

Bàbá rẹ̀ ń la pákó. Ìyá rẹ̀ ń rán aṣọ ọmọléèwé. Wọ́n rán an lọ sí Yunifásítì, ibi tí kò jìnnà sí ilé wọn, ó sì padà wá bí ẹni tí ó ti òkè òkun dé. Tí o bá bi í bóyá ó ti jẹun, yóò kọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tí oúnjẹ jẹ́ fún ọ. Táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, àní nínú oṣù kejì tí oòrùn ń yan ènìyàn bí ẹ̀pà. Bírò mẹ́ta ń bẹ ní àpò àyà rẹ̀. N kò rí i kí ó fi ọ̀kankan kọ nǹkan rí. Kọ̀ǹpútà ló fi ń kọ ohun gbogbo.

Ẹgbẹ́ ìlera kan ni a jọ ń ṣiṣẹ́ fún, ní ilé alájà kan lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Iṣẹ́ wa kò ní ìdijú. A ó gbé abẹ́rẹ́ àjẹsára sínú kúlà yìnyín, a ó gbé e lọ sí àwọn abúlé oko, a ó gún àwọn ọmọdé, a ó padà. Ohun kan ṣoṣo ló le níbẹ̀. Ní abúlé oko, ìyá àti ọmọ wà nínú kòkó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ ọjà nìkan ni gbogbo wọn ń jáde. Tí o bá dé ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, ewúrẹ́ ni ìwọ yóò gún.

Sẹ̀kínát ló ń tọ́jú ọjọ́ ọjà. Ìyá Wàhábù ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣe é. Ìwé léèwé kan ni ó ní, ó fi bébà kàlẹ́ńdà bò ó lẹ́yìn. Ọjà mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà nínú rẹ̀. Ní òwúrọ̀, Nọ́ọ̀sì Fúnlọ́lá, ọ̀gá wa, á béèrè pé, "Ìyá Wàhábù, ibo lónìí?" Obìnrin náà á sọ̀rọ̀ láìṣí ìwé. Ọdún mọ́kànlá, n kò wa ọkọ̀ lọ sí ọjà òfìfo rí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1999, wọ́n fún wa ní kọ̀ǹpútà kan, wọ́n fún Òṣogbo, níbi tí wọ́n ti ń pín oògùn fún wa, ní ọ̀kan. Wọ́n sì gba Adédàmọ́lá. Wọ́n gbé tábìlì Sẹ̀kínát lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí kọ̀ǹpútà lè ráyè. Wọ́n ní kí ó máa ka òwú.

Ohun tí Adédàmọ́lá bá wá ni ohun tí wọ́n ń pè ní XML. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló fi ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ìwé tí ó nípọn tó bíríkì. Mo ní kí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi. Ó lo wákàtí kan. Ohun tí mo bá bọ̀ níbẹ̀ kò ju báyìí lọ. Ìrìn kọ̀ọ̀kan tí a fẹ́ rìn, odindi nǹkan kan ni nínú kọ̀ǹpútà: ó ní orúkọ abúlé, ó ní iye ọmọ, ó ní ọjọ́ ọjà. Kò ṣeé gbé lódindi láti Ifẹ̀ lọ sí Òṣogbo. A ó tú u palẹ̀ di ọ̀rọ̀ lásán. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan á ní àmì níwájú, á ní àmì lẹ́yìn, orúkọ kan náà ni yóò wà lára àmì méjèèjì, bí ẹni so àpò irúgbìn kí àgbàdo má baà dàpọ̀ mọ́ ẹ̀wà. Ti Òṣogbo á kà á, á sì tún un tò padà. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀. Wákàtí kan.

Ẹ̀rọ tí ń tú u palẹ̀ yìí mọ orúkọ. Ó mọ nọ́ńbà. Ó mọ déètì òyìnbó. Nígbà tí ó kan "ọjà kẹfà Èṣùbíyì," ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn abúlé wa, ó dúró gbagidi, ó kọ nǹkan pupa sójú. Wọn kò kọ́ ọ ní ọjà níbi tí wọ́n ti ṣe é.

Adédàmọ́lá fọwọ́ pa táì rẹ̀. "Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba onímọ̀ síṣẹ́," ó ní. "N ó kọ atúmọ̀ fún un."

Ó bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá Sẹ̀kínát. Mo ń nu gíláàsì ọkọ̀ nítòsí. Gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, bí i ọjọ́ mélòó-mélòó ni wọ́n ń ná ọjà Èṣùbíyì?"

"Ọrọọrún ni, Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Márùn-ún."

"Márùn-ún ni. Tí o bá ti ka ọjọ́ ọjà yẹn gan-an mọ́—"

"Mo ti gbà á, Màmá. Ẹ ṣeun gan-an. Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Ọrọọrún ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n dúró kí n—"

Ó ti wọlé. Ọ̀rọ̀ kékeré kò yẹ ẹni tí ń kánjú. Ó tẹ 5.

Ilẹ̀kùn méjì ni atúmọ̀ rẹ̀ ní. Ti àjáde ń mú nọ́ńbà ọjà, ó ń fi márùn-ún-márùn-ún kà láti ọjà àkọ́kọ́, ó sì ń sọ ọ́ di déètì. Ti àwọlé ń mú déètì, ó ń fi márùn-ún pín in padà di nọ́ńbà ọjà. Ó pe gbogbo wa wá wò ó. Ó ní òun ti rán ọjà kẹfà jáde, ó sì padà wọlé ní ọjà kẹfà. Ó rán ọgọ́rùn-ún jáde, ọgọ́rùn-ún padà láìyingin. Ó ní ẹ̀rí tí kò ṣeé jà níyàn nìyẹn.

Ẹ̀rí kọ́. Ẹni tí ó bá purọ́ ní ẹnu ọ̀nà àbájáde, tí ó sì pa irọ́ kan náà ní ẹnu ọ̀nà àbáwọlé, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á bá ara mu dáadáa.

Ọjọ́ kẹta oṣù kejì ni ọjà Èṣùbíyì tí ó fi bẹ̀rẹ̀ kíkà. Ó ní ogúnjọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ọjọ́ kẹtàlélógún, yóò jẹ́ ọjà, ọjà karùn-ún. Nọ́ọ̀sì rán mi lọ wò ó. Òótọ́ ni. Ọjà kún fọ́fọ́. Mo padà wá sọ, Adédàmọ́lá sì bọ gbogbo wa lọ́wọ́ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Sẹ̀kínát gbójú sókè nínú òwú.

"Ọjà ni lóòótọ́," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọjà kẹfà ni, kì í ṣe ìkarùn-ún."

"Màmá, ṣé ọjọ́ ló bá a mu àbí kò bá a mu?"

"Ó bá a mu."

"Ó tán."

Kò tán. Mẹ́rin lọ́nà márùn-ún jẹ́ ogún. Márùn-ún lọ́nà mẹ́rin náà jẹ́ ogún. Ogúnjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀nà méjèèjì ti pàdé. Kò sẹ́ni tí ó ronú kàn án. Èmi náà kò ronú kàn án. Wọ́n kó ìwé Sẹ̀kínát sínú kọ́bọ́ọ̀dù, wọ́n tì í. Adédàmọ́lá kó fáìlì rẹ̀ sínú dísíkẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lọ sí Òṣogbo, ó fi atúmọ̀ náà sí kọ̀ǹpútà tiwọn pẹ̀lú.

Èéyi wá bẹ̀rẹ̀. Abúlé kan tó kọjá Èṣùbíyì ló ti kọ́kọ́ yọ. Ara àwọn ọmọ gbóná, ojú wọn pọ́n, ara wọn sú pupa. Ọmọ méjì kú níbẹ̀. Ní Èṣùbíyì, ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta ni kò tíì gba abẹ́rẹ́, àwọn ìyá abúlé méjèèjì sì jọ ń mu odò kan ni. Òṣogbo fún wa ní oògùn fún ìrìn kan ṣoṣo. Ohun tí a kò bá lò, kí a dá a padà ní Mọ́ńdè, nítorí ibòmíràn ń dúró dè é. Ọjọ́ tí fáìlì kọ ni Jímọ̀, ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹta.

Jímọ̀ yẹn, mo ti tan ọkọ̀. Sẹ̀kínát jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ibo lẹ ń lọ?"

"Èṣùbíyì," Nọ́ọ̀sì ní.

"Lónìí? Ìjẹta ni wọ́n ná ọjà wọn. Ọ̀túnla ni wọ́n tún ń ná òmíràn."

Nọ́ọ̀sì wo Adédàmọ́lá. Adédàmọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí dókítà ń rín sí aláìsàn.

"Màmá, a bọ̀wọ̀ fún ìrírí yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dátà sọ̀rọ̀."

"Ó dáa. Kí ó sọ̀rọ̀. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ bá mi kí àwọn ewúrẹ́."

A lọ. Ọ̀nà náà burú. Adédàmọ́lá gbé kúlà lé itan. Ó ń sọ ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè yìí fún wa títí a fi dé.

Àtẹ òfìfo ló kí wa. Ewúrẹ́ mẹ́fà dùbúlẹ̀ lórí àtẹ, wọ́n ń jẹ àpọ̀jẹ. Bàbá àgbà kan, Bàbá Fákúnlé, jókòó lábẹ́ igi, ó ń hun agbọ̀n. Nígbà tí ó rí ọkọ̀, ó dìde gírí.

"Ẹ káàbọ̀ o. Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Bàbá," Nọ́ọ̀sì ní. "Abẹ́rẹ́ ọmọdé la gbé wá. Ọjà dà?"

"Èwo lẹ ń béèrè? Ti ìjẹta àbí ti ọ̀túnla?"

Adédàmọ́lá fa bébà yọ. "Bàbá, gẹ́gẹ́ bí àkọsílẹ̀ tó wà níwájú wa yìí, òní ni ọjà."

Bàbá Fákúnlé wo bébà. Ó wo àtẹ. "Ẹ kà á fún àwọn ewúrẹ́ yìí, ọmọ mi. Bóyá wọ́n á dìde fún àwọn tó fẹ́ pàtẹ."

Mo rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí abúlé ká, ọmọ mẹ́ta péré ló rí. Ìgò kan tó ọmọ mẹ́wàá. Tí ó bá ti pò ó mọ́ omi, tí ó bá fi di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó ti bàjẹ́. Kò pò ó. Ó ní kí Bàbá Fákúnlé sọ fún gbogbo ìyá pé a ń bọ̀ ní Sọ́ńdè.

"Ṣé ẹ ń bọ̀ lóòótọ́?" bàbá náà ní. "Wọ́n sìnkú méjì lókè odò lọ́sẹ̀ yìí."

"A ń bọ̀," Nọ́ọ̀sì ní. Kò mọ bí a ó ṣe wá.

Ní ọ̀nà àbọ̀, Adédàmọ́lá kò sọ ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè fún ẹnikẹ́ni.

A dé ọ́fíìsì, Nọ́ọ̀sì kó oògùn sí fìríìjì, ó tẹ Òṣogbo láago. Ohùn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń dún síta. Ó ní fáìlì sọ pé òní ni, a sì ti lọ lónìí. Ìrìn tí ó kàn fún Èṣùbíyì, fáìlì ní ọjọ́ kẹwàá. Kí a dá oògùn padà ní Mọ́ńdè. Àfi tí ẹni tí ó ṣe fáìlì bá kọ̀wé, tí ó sì fọwọ́ sí i, pé òun ṣì í. Nígbà náà wọ́n á gbà kí a lọ ní Sọ́ńdè.

"Ọjọ́ kẹwàá náà kì í ṣe ọjọ́ ọjà," Sẹ̀kínát ní láti ẹnu ọ̀nà.

Gbogbo wa wo Adédàmọ́lá.

"N kò ṣì í," ó ní. "Màmá ló sọ fún mi pé márùn-ún. Ṣé ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀, Màmá?"

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Márùn-ún ni."

"Ẹ gbọ́ ọ! Ọjọ́rú ni wọ́n ná an. Ẹ fi márùn-ún kún Ọjọ́rú, Mọ́ńdè ni. Báwo ló ṣe wá di Sọ́ńdè?"

Sẹ̀kínát wọlé, ó jókòó sórí àga rẹ̀ àtijọ́, níwájú kọ̀ǹpútà. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Dàmọ́lá, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti Ìrẹmọ tí wọ́n bí lóṣù tó kọjá. Ọjọ́ wo ni wọ́n bí i?"

"Màmá, kí ni ìyẹn—"

"Dá mi lóhùn."

"Mọ́ńdè ni."

"Ọjọ́ wo ni ẹ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Mọ́ńdè tó tẹ̀lé e."

"Ọjọ́ kelòó rẹ̀ láyé nìyẹn?"

"Ọjọ́ kẹj—"

Ó fọwọ́ kan táì rẹ̀. 

"Sọ ọ́ tán."

"Ọjọ́ kẹjọ."

"Láti Mọ́ńdè sí Mọ́ńdè. Kí ni ìwé Amẹ́ríkà rẹ pe ìyẹn? Méje. Ta ló yọ ọjọ́ tí wọ́n bí ọmọ kúrò nínú ọjọ́ ayé rẹ̀?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká ìka. "Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀, Jímọ̀, Sátidé, Sọ́ńdè. Ìka mélòó nìyẹn?"

"Márùn-ún."

"Ọrọọrún nìyẹn. Ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀, ọjọ́ ni. A máa ń kà á mọ́ ọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ nìyẹn lọ́jọ́ tí o sáré wọlé."

Adédàmọ́lá wo ìka ara rẹ̀ títí. Ó ká wọn. Ó ṣí wọn. "Pẹ̀lú òní," ó ní.

"Pẹ̀lú òní."

"Á á. Òǹkà ìńkílúsíìfù ni èyí, tí a bá fojú—"

"Dàmọ́lá," Nọ́ọ̀sì ní, "kọ ìwé."

Ẹ wò ó, ènìyàn burúkú kọ́, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ tún atúmọ̀ ṣe. Ó ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Ó ní òun á gbé fáìlì tuntun lọ sí Òṣogbo ní Mọ́ńdè, kò sì ní í sí ìdí fún ìwé kankan. Orúkọ òun kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Wọ́n fẹ́ gbé iṣẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ lé òun lọ́wọ́.

"Ní Mọ́ńdè," Nọ́ọ̀sì ní, "oògùn ń padà. Fáìlì rẹ á pé, ọjọ́ rẹ á pé, kúlà á ṣófo. Kí ni kí n fi gún àwọn ọmọ náà? Dísíkẹ́ẹ̀tì?"

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Odindi ojú ìwé kan. Nọ́ọ̀sì kà á sókè: ìpèníjà, àyíká, ìbáṣepọ̀ ètò òǹkà àbáláyé pẹ̀lú ìlànà ìgbàlódé. Kò sí ibì kankan tí ènìyàn ti ṣe àṣìṣe níbẹ̀. Nǹkan kan kàn ṣẹlẹ̀, bí òjò. Nọ́ọ̀sì fà á ya.

"Ìlà kan. Bírò mẹ́ta ló wà lápò rẹ."

Ó yọ ọ̀kan. Yíǹkì rẹ̀ ti gbẹ. Ó yọ èkejì. Ó kọ ọ́: *Èmi ni mo ṣì í. Ọjọ́ mẹ́rin ni a ń fi kún ọjà kan kí a tó dé èkejì, mo kọ márùn-ún.* Ó fọwọ́ sí i. Mo wa ọkọ̀ gbé e lọ sí Òṣogbo kí wọ́n tó tilẹ̀kùn, wọ́n sì fi òǹtẹ̀ lù ú.

Sọ́ńdè yẹn ló yẹ kí Adédàmọ́lá dá orin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ó ti ń palẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ó wá síbi ọkọ̀ pẹ̀lú táì, ó sì gbé kúlà. Sẹ̀kínát jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

A ti ń gbọ́ ariwo ọjà kí a tó rí i. Àtẹ kún. Bàbá Fákúnlé ti to àwọn ìyá sábẹ́ igi. "Ẹ káàbọ̀," ó ní. Ó tọ́ka sí Adédàmọ́lá. "Ìyẹn ọ̀gbẹ́ni oníbébà. Kí ni bébà wí lónìí?"

"Òní lọjà, Bàbá."

"Bébà ti gbọ́n."

Láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀, Nọ́ọ̀sì ń gún. Sẹ̀kínát ń pe orúkọ. Adédàmọ́lá ń di ọmọ mú. Ọ̀kan tọ̀ sí i lára, òmíràn bù ú jẹ lọ́wọ́. Ó bọ́ táì rẹ̀, ó fi nu ọwọ́. Ọmọ mẹ́rìnlélógójì ló wá. A wá mẹ́ta tó kù lọ sínú kòkó, a rí wọn. Mẹ́tàdínláàádọ́ta pé.

Èéyi kò rí ibi wọ̀ ní Èṣùbíyì lọ́dún náà. Lókè odò, ó mú ẹnì kan sí i lọ.

Ní Mọ́ńdè, Adédàmọ́lá tún atúmọ̀ ṣe. Mo dúró tì í. Ó yí 5 padà sí 4 ní ilẹ̀kùn àjáde. Ó yí i ní ilẹ̀kùn àwọlé, ó sì kó o sínú dísíkẹ́ẹ̀tì fún Òṣogbo. Ìyẹn ni gbogbo rẹ̀, kò tó àkókò tí ènìyàn fi ń bọ́ bàtà. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kó òwú kúrò lórí tábìlì Sẹ̀kínát, ó sì dá gbé tábìlì náà wọlé. Kò gba ẹnu ọ̀nà. Ó yí i síbí, ó yí i sọ́hùn-ún, ó há ìka rẹ̀ mọ́lẹ̀kùn.

"Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà," Sẹ̀kínát ní, "ẹsẹ̀ mélòó ni tábìlì yẹn ní?"

"Mẹ́rin, Màmá."

"O dájú?"

Wọn kò gbé iṣẹ́ gbogbo ìpínlẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ìwé ìlà kan yẹn ti ṣáájú rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá. Ó bá wa ṣiṣẹ́ títí ẹgbẹ́ náà fi kógbá wọlé. Ní báyìí ó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà kan ní Ìrẹmọ, ó ń tẹ ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣì ń lo ọ̀rọ̀ ńláńlá, kò lè fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí akẹ́kọ̀ọ́ bá wọlé, tí ó ní, "Bọ̀dá, mo fẹ́ gba iṣẹ́ mi ní ijọ́ márùn-ún òní," á gbé ọwọ́ kúrò lórí kọ̀ǹpútà. Á gbé ìka sókè. Á béèrè:

"Pẹ̀lú òní?"

Kì í tẹ nǹkan kan títí wọn yóò fi dá a lóhùn.